Kí ẹ tó ra ààrò ìyanran fún ilé

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tó ń ṣe ààrò ìyanran, ohun tí yóò kọ́kọ́ fi hàn yín ni bí irin rẹ̀ ṣe ń dán, iye àtẹ tó wà nínú rẹ̀, àti gíláàsì tó fi sójú ìlẹ̀kùn. Ẹ yìn ín, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ àtẹ ìsàlẹ̀ pátápátá. Ibo ni ọ̀rá ẹran yóò máa kán sí? Bó bá jẹ́ orí iná gan-an ni, tí kò sí nǹkan kan láàárín àwọn méjèèjì, ẹ tún èrò yín pa kí ẹ tó yọ owó. Ìbéèrè kejì: ibo ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibo ló ń gbà jáde, ṣé ẹ sì lè fi ọwọ́ yín dín in kù tàbí kí ẹ fi kún un? Ààrò tó bá yege lórí ìbéèrè méjèèjì yìí, ì báà jẹ́ àgbá àtijọ́ ni wọ́n gé ṣe é, á yan ẹran tó dára ju àpótí olówó ńlá tí kò ní ìdáhùn sí wọn.

Ẹni tó fẹ́ máa yan ẹran àti ẹja jẹ nínú ilé tirẹ̀, tó sì ṣeé ṣe kó máa ta díẹ̀ fún aládùúgbò, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Irú wọn ń pọ̀ sí i. Ẹja gbígbẹ ti gbówó lórí lọ́jà, ẹ̀rù oògùn kòkòrò tí àwọn kan ń fọ́n sí i kò sì jẹ́ kí ọkàn èèyàn balẹ̀. NAFDAC pàápàá ti kìlọ̀ léraléra nípa àṣà yẹn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ yan

Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń pè ní yíyan. Èkíní ni ẹja àrọ̀ tó gbẹ débi pé ó ń ró kókókó bí ẹ bá kàn án mọ́ tábìlì, tí ẹ lè kó pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí yóò wá rọ̀ nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ìkejì ni ẹran tó jinná tó ṣì ní omi lára, tí wọ́n ń gé jẹ lójú ẹsẹ̀, bí àwọn ará Texas ṣe ń yan igẹ̀ màlúù lórí ooru díẹ̀, nǹkan bí 107 sí 121 °C, fún wákàtí 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí yóò fi rọ̀ bọ̀tọ̀bọ̀tọ̀.

Ààrò tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ kejì ń dá omi dúró ni. Ihò tí èéfín ń gbà jáde kéré, ìlẹ̀kùn rẹ̀ há pinpin, ọ̀pọ̀ wọn sì ní abọ́ omi láàárín iná àti ẹran. Bí ẹ bá to ẹja àrọ̀ sínú irú rẹ̀, á jinná, á sì dùn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀ ẹ ó rí i tó ti ń yọ̀, tó ti ń bu. Ẹ ò lè dá ẹja lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹja tútù tí ẹ ti yọ ìfun rẹ̀, nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ omi. Nínú kílò 1, omi kó gíráàmù 750, ara ẹja gan-an kó 250. Kí ó má baà bu, omi inú rẹ̀ ní láti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 15 nínú 100. Ìyẹn ni pé kílò 1 yẹn á ku nǹkan bí gíráàmù 295 péré. Nǹkan bí gíráàmù 700 tó kù di oru, ó sì ní láti rí ọ̀nà jáde. Bí ẹ bá to kílò 10 ẹja, lítà 7 omi ni ààrò yín fẹ́ rán jáde láàárín ọ̀sán kan tàbí òru kan. Omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè gba ojú ihò tí ìka méjì kò wọ̀.

Ìṣirò yìí wúlò lẹ́yìn tí ẹ bá ti ra ààrò náà tán pẹ̀lú. Ẹ fi ìwọ̀n wọn ẹja kan kí ẹ tó gbé e sórí àtẹ, kí ẹ so òwú mọ́ ọn kí ẹ lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, kí ẹ sì máa wọn òun nìkan. Nígbà tó bá wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwọ̀n tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n tóbi tó o náà ti gbẹ. Èyí dájú ju kí ẹ máa fi ọwọ́ tẹ ẹ́ lọ.

Bó bá jẹ́ ẹja gbígbẹ ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ máa yan, ẹ ra ààrò tí wọ́n ṣe fún gbígbẹ, kí ẹ máa pa ihò rẹ̀ dé díẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yan adìẹ tàbí tòlótòló. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Láti sọ èyí tó ń dá omi dúró di èyí tó ń gbẹ nǹkan ló ṣòro, nítorí ẹ ó gé irin.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn ẹran kí ẹ tó wọn ààrò

Ẹja àrọ̀ tí a ká, tí a fi ẹyọ igi ìgbálẹ̀ gún ìrù rẹ̀ mọ́ ẹnu, tó jẹ́ ìdajì kílò nígbà tó ṣì tútù, gba àyè tó tó sẹ̀ǹtímítà 15 níbùú àti lóròó. Àtẹ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 45, á gba 12 irú rẹ̀. Kílò 6 nìyẹn lórí àtẹ kan. Àtẹ méjì tó fún ilé ọlọ́mọ mẹ́rin dáadáa, àtẹ mẹ́ta bí ẹ bá ń tà díẹ̀. Ẹni tó bá ra alátẹ mẹ́fà nítorí pé Kérésìmesì ń bọ̀ yóò máa da èédú sí àyè òfìfo láti oṣù January lọ.

Àárín àtẹ kan sí èkejì, ẹ má gbà kó dín ní sẹ̀ǹtímítà 15. Àwọn wẹ́dà fẹ́ràn láti há wọn mọ́ra kí iye àtẹ lè pọ̀ lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ń ta ọjà. Láti orí iná dé àtẹ ìsàlẹ̀, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì ló dára, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 60. Bó bá sún mọ́ iná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹja ìsàlẹ̀ á jóná kí tòkè tó gbóná. Ẹ tún rí i dájú pé àtẹ kọ̀ọ̀kan ń yọ jáde tó sì ń wọ ojú ihò àtẹ mìíràn, nítorí pé wákàtí wákàtí lẹ ó máa pààrọ̀ ipò wọn. Àtẹ tí wọ́n jó mọ́ ara àpótí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: irú iná wo?

Èédú ni mo fi síwájú, pẹ̀lú igi díẹ̀ fún adùn. Ẹyin iná èédú kì í bú sókè bí ọwọ́ iná igi, ooru rẹ̀ ṣeé darí, kò sí ìlú wa tí wọn kì í ti í tà á. Ẹni tó bá ní igi lẹ́yìnkùlé lè fi igi nìkan yan, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé òun yóò jókòó tì í ni. Igi tí wọ́n fi sílẹ̀ á bú gbàmù, tàbí kó máa rú èéfín funfun kíkí tí ń mú ẹran korò.

Gáàsì mọ́ tónítóní, ooru rẹ̀ kì í lọ sókè sódò, ó sì dára gan-an fún gbígbẹ. Kò ní adùn èéfín rárá o, àfi kí ẹ gbé abọ́ irin kékeré tó ní ègé igi sórí iná rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú àwọn èèyàn tí kò fẹ́ rí èéfín lè mú un, bó bá ti ní báńkónì tó ṣí sílẹ̀ gbayawu tàbí àgbàlá.

Ti oníná mànàmáná ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí èèyàn ń gbé bọ̀ láti Amẹ́ríkà jẹ́ ti fóòtì 120, iná ilé wa sì jẹ́ 230. Bí wọ́n bá kì í bọ sókẹ́ẹ̀tì láìsí tiransifọ́mà, èéfín tí yóò rú kì í ṣe ti ẹran. Èyí tó ń bọ̀ láti ìlú Ọba bá iná wa mu. Síbẹ̀, bí ẹ̀rọ tó ń fa wáàtì 800 bá jó fún wákàtí 8 láìdúró, yúníìtì 6.4 ló jẹ nínú mítà yín. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ nígbà tí ẹran ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán, inú ewu ló wà: láàárín 4 àti 60 °C ni kòkòrò àìfojúrí ń bí sí i, wákàtí 2 níbẹ̀ ti pọ̀ jù. Èmi kò lè gba ẹnikẹ́ni tí kò ní jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà tó dájú nímọ̀ràn láti ra ti oníná.

Àwọn oníhóró igi náà wà, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Traeger tó bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà, sọ di gbajúmọ̀, tí mọ́tò kékeré ń ti hóró igi tí wọ́n rún tí wọ́n sì tẹ̀ pọ̀ sínú iná. Bí ẹ bá ń gbé Houston tàbí Maryland, ẹ máa gbádùn rẹ̀. Fún ilé ní Ìbàdàn, hóró igi rẹ̀ kò sí ní ìsọ̀ elédùú, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ìgbà òjò á sì sọ èyí tí ẹ bá kó wá di lẹ́búlẹ́bú nínú àpò.

Fún àwọn tó wà lókè òkun tí wọ́n fẹ́ ẹja gbígbẹ bíi tilé: èyí tó rí rogodo tó ga, bíi Weber Smokey Mountain tó wà ní ìbú ínǹṣì 14, 18 àti 22, á ṣe é. Ẹ má rọ omi sínú abọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ẹja. Ẹ fi bébà fọ́ìlì aláwọ̀ fàdákà bo abọ́ náà kó lè máa gba ọ̀rá, kí ẹ ṣí ihò orí rẹ̀ tán, kí ẹ sì fi ihò ìsàlẹ̀ darí iná. Ti àwọn aládùúgbò tí ẹ̀ ń pín odi ọgbà pẹ̀lú, ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ó ṣe tù wọ́n nínú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àgbá, àpótí, tàbí bulọ́ọ̀kù

Àgbá lítà 200 ló rọjú jù. Wọ́n gé ojú kan nísàlẹ̀ fún iná, wọ́n fi irin gbọọrọ dábùú inú rẹ̀, wọ́n gbé àtẹ lé e. Ohun tí ó gbé kọjá nígbà ayé rẹ̀ ni kí ẹ bèèrè. Àgbá òróró oúnjẹ dára. Àgbá epo ọkọ̀ ṣeé lò bí wọ́n bá fi igi sun ún nínú àti lóde títí gbogbo ọ̀dà àti epo fi jó tán. Àgbá oògùn kòkòrò, ti kẹ́míkà, tàbí èyí tí ẹni tó ń tà á bá ń já lójú nígbà tí ẹ bi í, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Sísun kò sọ irú àgbá bẹ́ẹ̀ di mímọ́.

Àpótí onírin tó ní ìlẹ̀kùn, èyí tí àwọn olóko ẹja ń pè ní kílìn, ni ọ̀pọ̀ ilé ń rà nísinsìnyí. Èyí tó dára ní ògiri méjì, wọ́n sì fi òwú gíláàsì sáàárín wọn kí ooru má baà jáde. Irin tó bo òwú yẹn ní láti sé pátápátá, ẹ kò fẹ́ kí fọ́nrán rẹ̀ bọ́ sórí ẹja. Èyí tó ní ògiri kan ṣoṣo ń jẹ èédú púpọ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó sì dín lówó.

Ẹni tó bá ní ilẹ̀ tirẹ̀, tí kò ní ṣí kúrò níbẹ̀, kó ronú nípa ti bulọ́ọ̀kù tàbí amọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1970 ni FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, àti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ oúnjẹ ní Gánà ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Chorkor, tí wọ́n fi orúkọ àdúgbò àwọn apẹja kan ní Accra pè. Ògiri kúkúrú onígun mẹ́rin ni, iná wà nísàlẹ̀, àtẹ onígi tó ní àwọ̀n sì ń gun orí ara wọn lókè títí wọ́n á fi di ilé èéfín fúnra wọn. Kò sí àpótí, kò sí ìlẹ̀kùn. Obìnrin méjì lè gbé àtẹ rẹ̀ sọ̀ kí wọ́n sì pààrọ̀ wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó ti tàn káàkiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò sì ṣòro fún bíríkìlà tó mọṣẹ́.

Àbùkù rẹ̀ kan náà ni ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀: ọ̀rá ń kán sínú iná. Bí ọ̀rá bá ti kan ẹyin iná, ó ń di èéfín dúdú tó kún fún èròjà olóró, tí ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ benzo[a]pyrene. Àjọ IARC tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ fi èyí sí ẹgbẹ́ 1, ìyẹn àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ lára èèyàn. Láti oṣù September ọdún 2014, ìwọ̀n tí àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbà láàyè nínú ẹran àti ẹja yíyan kò ju máíkíróògíráàmù 2 lọ nínú kílò kan. 5 ni tẹ́lẹ̀. Nítorí irú èyí ni FAO àti ilé ẹ̀kọ́ kan ní Thiaroye, ní Sẹ̀nẹ̀gà, ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2008 lórí ààrò tuntun tó ń jẹ́ FTT. Ohun tí wọ́n fi kún un kò ju mẹ́ta lọ tó ṣe kókó: ẹyin iná èédú ló ń se ẹja dípò ọwọ́ iná, páànù kan wà láàárín tó ń gba ọ̀rá, èéfín tó sì ń fún ẹja ládùn ń wá lọ́tọ̀ lẹ́yìn tí ẹja bá ti jinná.

Ẹ ò nílò láti ra FTT. Ẹ lè ní kí wẹ́dà yín fi páànù ọ̀rá sínú èyíkéyìí nínú àwọn ààrò tí mo dárúkọ: irin pẹlẹbẹ tó dagun díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó kéré díẹ̀ ju inú àpótí lọ kí ooru lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tó ní ọ̀pá tí ọ̀rá ń gbà ṣàn jáde sínú agolo níta. Ó yẹ kó ṣeé yọ fún fífọ̀. Iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni fún un. Bó bá ní kò sẹ́ni tó ń ṣe irú ẹ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: lọ́dọ̀ wẹ́dà

Tútù là ń ká ẹja. Gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ kó yàtọ̀, ẹ sọ ọ́ kí ó tó gé irin àkọ́kọ́, kí ẹ sì ya á sórí bébà fún un pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. Lẹ́yìn tó bá ti kùn ún ní ọ̀dà tán, "ẹ má ṣèyọnu, màmá, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń rí" lẹ ó máa gbọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí irin. Ẹ má gbà kó fi páànù gálífánáìsì, irú èyí tí wọ́n fi ń kan òrùlé, ṣe ibi tí iná ń gbé. Síńkì tí wọ́n fi bò ó ń yọ́ ní nǹkan bí 420 °C, ẹyin iná èédú sì ń gbóná kọjá ìyẹn dáadáa. Àwọ̀n àtẹ ni wọ́n sábà máa ń fi irú rẹ̀ ṣe nítorí pé ó rọjú. Ẹ béèrè fún irin tí kì í dípẹtà fún àtẹ, kódà bí gbogbo ara àpótí bá jẹ́ irin dúdú lásán. Bí owó kò bá tó fún méjèèjì, orí àtẹ ni kí owó lọ, ibẹ̀ ni oúnjẹ ń fara kàn.

Fún ara àpótí, irin mílímítà 1.5 ti tó. Fún ibi iná, 3. Ẹ mú ìka lù ú: èyí tó fẹ́lẹ́ á dún wáyáwáyá, á sì lọ́ po lẹ́yìn iná bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ kan inú rárá. Níta, kó jẹ́ ọ̀dà tí ooru kì í bó, kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun géètì.

Ihò afẹ́fẹ́ wá ńkọ́? Méjì ló kéré jù: ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè ní òdìkejì, kí èéfín lè gba inú ẹran kọjá kó tó jáde. Kí méjèèjì ní ìdérí tó ń yọ́ síwá sẹ́yìn. Ti òkè kò gbọ́dọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 8 ní ìbú fún àpótí alátẹ mẹ́ta. Mo ti rí àpótí tó rẹwà tí wọ́n fi ọ̀pá omi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ilé èéfín rẹ̀. Ẹja inú rẹ̀ kò gbẹ láéláé.

Gíláàsì ojú ìlẹ̀kùn kò burú, ṣùgbọ́n yíyan kan tàbí méjì ni, èéfín á ti sọ ọ́ dúdú. Owó rẹ̀ tó ra tẹmọ́mítà méjì. Ọ̀kan á wà lójú ìlẹ̀kùn ní ìpele àtẹ àárín, kì í ṣe lókè téńté níbi tí ooru ti pọ̀ jù. Èkejì á jẹ́ onírin ṣóńṣó tí ẹ ó máa gún bọ inú ẹran.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìdánwò kí ẹ tó san owó tó kù

Ẹ má san owó tán kí ẹ tó dáná sí i níbẹ̀. Ẹ gbé èédú tiyín lọ. Kí iná tó mú, ẹ fi bébà tín-ín-rín há ẹnu ìlẹ̀kùn, kí ẹ ti ìlẹ̀kùn, kí ẹ fà á. Bí bébà bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ibẹ̀ ni èéfín yóò máa gbà. Ẹ ṣe é yí ẹnu ìlẹ̀kùn ká.

Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kó gbóná dé 120 °C, kí ẹ pa ihò ìsàlẹ̀ dé ku ìdajì, kí ẹ dúró. Ooru yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí kò bá wálẹ̀, afẹ́fẹ́ ń rí ibòmíràn gbà wọlé, ààrò náà kò sì ní í gbọ́rọ̀ sí yín lẹ́nu láéláé. Ìdánwò yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo wọn.

Bí àyè bá wà, ẹ ra búrẹ́dì kan, kí ẹ to ègé rẹ̀ káàkiri orí àtẹ kan, kí ẹ wo èyí tó kọ́kọ́ pọ́n. Kò sí ààrò tí ooru rẹ̀ dọ́gba pátápátá; ẹ kàn fẹ́ mọ igun tí ẹ ó máa kó itan adìẹ sí àti igun tí ẹ ó máa kó apá rẹ̀ sí. Ti tẹmọ́mítà, ẹ tì í bọ omi tó ń hó: nǹkan bí 100 ló yẹ kó kà. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lójú títì ń fi iwọ̀n mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ ṣìnà.

Ìgbésẹ̀ keje: iná àkọ́kọ́ nílé

Ẹ fọ inú rẹ̀ pẹ̀lú omi ọṣẹ, kó gbẹ, kí ẹ fi òróró ẹ̀pà pa á fẹ́ẹ́rẹ́, àtẹ náà pẹ̀lú. Ẹ dáná sí i fún wákàtí 2 sí 3 láìfi oúnjẹ sí i. Òórùn iṣẹ́ irin á jáde, òróró náà á sì di awọ dúdú tí kì í jẹ́ kí irin tètè dípẹtà.

Ní ti igi adùn, àyìn ni àwọn ayanja ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́, ó le, ẹyin iná rẹ̀ sì ń pẹ́. Igi ọsàn, gúáfà àti máńgòrò náà dára, èéfín wọn tutù lórí adìẹ. Kó ti gbẹ dáadáa. Pákó ibi iṣẹ́ kíkọ́lé, páìnì, pílaíwúùdù, igi tí wọ́n kùn tàbí tí wọ́n rì sínú oògùn ikán, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi náílọ́ọ̀nù tàbí kẹrosíìnì tan iná rẹ̀. Ẹja á gbé òórùn yẹn wọ inú ọbẹ̀. Èéfín tó ń jáde lókè yẹ kó fẹ́lẹ́, kó fẹ́ dà bíi búlúù. Bó bá funfun tó nípọn, ẹ ṣí ihò ìsàlẹ̀.

Fún ẹja tí ẹ fẹ́ kó gbẹ, ẹ má fi ooru ńlá bẹ̀rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá le lóde lójijì, omi á há sínú, ẹ ó sì rí ẹja tó dára lójú tó ń rà nínú. Ẹ jẹ́ kó wà ní nǹkan bí 50 °C fún wákàtí kan pẹ̀lú ihò tó ṣí gbayawu títí awọ rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí ẹ gbé e sókè sí 80 sí 100 kó jinná, kí ẹ tún sọ ọ́ kalẹ̀ sí 60 kó máa gbẹ lọ. Fún èyí tí ẹ fẹ́ jẹ ní rírọ̀, tẹmọ́mítà inú ẹran ni kí ẹ gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu: adìẹ àti tòlótòló 74 °C, ẹran tí wọ́n lọ̀ 71, odindi ègé ẹran màlúù tàbí ewúrẹ́ 63 kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú 3, ẹja 63. Àwọ̀ pupa tí èéfín fún ẹran lóde kò sọ ohunkóhun nípa inú rẹ̀.

Ibi tí ẹ ó gbé e sí

Ìta ni. Kì í ṣe kíṣìnnì, kì í ṣe gàréèjì tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí díẹ̀, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà nítorí òjò. Èédú tó ń jó ń tú carbon monoxide jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Bí òjò bá jẹ́ ìṣòro, ẹ kan àtíbàbà páànù olópòó mẹ́rin tí kò ní ògiri, kó ga ju ilé èéfín lọ dáadáa. Ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ sábà máa ń fẹ́ gbà nínú àgbàlá yín, kí ẹ kọ ẹnu ihò ìsàlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe síwájú rẹ̀ gan-an, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn ni yóò máa se oúnjẹ yín. Ẹ gbé e lé orí bulọ́ọ̀kù mẹ́rin kí ìdí rẹ̀ má kan ilẹ̀ tútù.

Ẹ kó eérú jáde lẹ́yìn yíyan kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ kejì tó bá ti tutù pátápátá. Eérú tí ọ̀rinrin bá mu ń jẹ irin, ibi iná sì ni yóò kọ́kọ́ lu. Ẹ tú agolo ọ̀rá náà dànù kí èkúté tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.